Ta Ni Ó Ni Ẹ̀bùn?

Bí ènìyàn bá fún ọ ní ohun kan, tí o sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, ǹjẹ́ ohun náà di tìrẹ pátápátá, tàbí apá kan rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ ẹni tí ó fi í tọrẹ? Ìbéèrè yìí lè dàbí ọ̀rọ̀ eré létí ẹni tí kò tíì kàn. Ó ti kàn mí, n kò sì tíì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láti ìgbà ìsinmi tí ó kọjá.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan, aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà, tí ó wá kọ́ Yorùbá lọ́dọ̀ wa fún odidi ọdún kan. Nígbà tí ó ń padà lọ, mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó bá mi wá ìwé atúmọ̀-èdè Jámánì tí ó nípọn. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ẹrù dé. Mo gbé e wò, kò wúwo tó ìwé. Ọmọláńgidi ni mo bá níbẹ̀, nínú páálí tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣí rí. Kí n má purọ́, ojú tì mí. Ọkùnrin ẹni ọdún mẹ́tàlélógún, ọmọláńgidi! Àwọn tí a jọ ń gbé yàrá fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ìgbà tí mo ka lẹ́tà inú rẹ̀ ni ẹ̀rín tán lẹ́nu mi. Barbie ni, irú èyí tí ilé-iṣẹ́ Mattel ṣe ní 1980. Láti 1959 ni Barbie ti wà, òyìnbó sì ni. Ní 1968 wọ́n ṣe aláwọ̀ dúdú kan tí wọ́n sọ ní Christie, ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ Barbie ni wọ́n pè é. Ó di 1980 kí aláwọ̀ dúdú tó jẹ́ orúkọ náà gan-an. Obìnrin dúdú kan, Kitty Black Perkins, ni ó ya bí yóò ti rí: aṣọ pupa, irun kúkúrú tí ó ká bí tiwa. Ọmọdé ni ìyá ọ̀rẹ́ mi nígbà náà. Wọ́n rà á fún un, ó sì kọ̀, kò ṣí i, kí ohunkóhun má baà ṣe é. Bẹ́ẹ̀ ni ó fi pa á mọ́ títí ó fi kú. Ọ̀rẹ́ mi wá kọ ọ́ pé: “Táíwò, o ti sọ fún mi nípa Kẹ́hìndé. N kò ní ère ìbejì tí n óò fún ọ. Èyí ni ohun tí a tọ́jú jù ní ilé wa.”

Ọmọ ọdún mẹ́rin ni a wà nígbà tí Kẹ́hìndé kú. Onígbàgbọ́ ni bàbá mi, wọn kò sì jẹ́ kí a gbẹ́ ère fún un.

Mo gbé ẹrù náà délé. Màámi wò ó, wọ́n ní, “Ta ni èyí?” Wọn kò bèèrè pé kí ni. Mo ṣàlàyé, mo sì lọ wẹ̀. Kí n tó jáde, wọ́n ti já páálí, wọ́n ti fi aṣọ tútù nu ojú rẹ̀, wọ́n sì ti gbé e dúró ti àwòrán Kẹ́hìndé. Mo pariwo pé, “Màámi, ẹ ti bà á jẹ́!” Wọ́n ní, “Ṣé inú páálí ni kí ọmọ máa gbé?”

Lójú àwọn tí ń ṣa irú ọmọláńgidi bẹ́ẹ̀ jọ, òótọ́ ni mo sọ, nítorí bí a bá ti já páálí, iye rẹ̀ ti wálẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ère ìbejì tí ń bẹ ní àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé òkè òkun. Èyí tí ojú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ nítorí wíwẹ̀ àti osùn tí ìyá fi ń pa á lára ni àwọn olùṣàjọ máa ń yìn. Ohun kan náà tí ọwọ́ ènìyàn fi ba ti ibẹ̀ yẹn jẹ́ ni ó fi sọ ti ibí yìí di iyebíye.

Èyí kò tíì dá mi láre. Ẹnìkan lè wí pé ẹni tí ó fún ni léwúrẹ́ tí ó sì di okùn rẹ̀ mú kò tíì fún ni. Mo gbà. Ṣùgbọ́n àìfọwọ́kàn obìnrin yẹn, ìtọ́jú ni òun náà, ó sì fi ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣe é. Màámi fòpin sí ìtọ́jú abiyamọ kan kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ tiwọn. N kò rò pé mo jẹ ọ̀rẹ́ mi ní gbèsè páálí. Òtítọ́ ni mo jẹ ẹ́, nítorí bí mo bá dákẹ́, tí ó ń rò pé ohun ìyá òun ṣì wà bí ó ti wà, olè ni mo jà.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà náà. Bí mo bá kọ ọ́ pé, “Màámi tú ọmọ náà sílẹ̀,” ó dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n ó ń ti àwọn lẹ́yìn ju bí ó ti yẹ lọ. “Wọ́n já páálí” ni mo kọ níkẹyìn. Màámi ní kí n bá wọn kí i dáadáa, kí n sì bèèrè orúkọ ìyá rẹ̀.