Ẹ̀rí Tí Mo Jẹ́ Nípa Aládùúgbò Mi

Nígbà tí mo wà ní ọdún kẹta ní Yunifásítì Benin, mo dìde ní ìpàdé wa lọ́jọ́ Àìkú kan, mo jẹ́ ẹ̀rí pé Ọlọ́run ti pa sípíkà aládùúgbò mi lẹ́nu mọ́. Gbogbo ìjọ pàtẹ́wọ́, àwọn kan kígbe halelúyà. Ẹ̀rí náà kò pé. Mo fẹ́ sọ ìyókù rẹ̀, nítorí ó ti di ìbéèrè tí mi ò tíì lè dáhùn tán lọ́kàn mi: bí ẹnì kan bá ń yọ wá lẹ́nu, tí a kò bá a sọ̀rọ̀, àmọ́ tí a lọ fi ẹjọ́ rẹ̀ sun Ọlọ́run, ṣé àdúrà nìyẹn, àbí òfófó?

New Benin ni mo ń gbé nígbà náà, nínú ilé kọjúsími-kí-n-kọjúsíọ kan lẹ́yìn ọjà. Ẹni tó bá mọ New Benin mọ̀ pé ariwo kì í ṣe àlejò níbẹ̀. Láti ìdájí ni àwọn ọlọ́kọ̀ ti ń pe èrò sí Ugbowo àti Ring Road. Bí iná bá lọ lálẹ́, jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo Nàìjíríà ń pè ní "I better pass my neighbour" á bẹ̀rẹ̀ sí í dún. (Ẹ gbọ́ orúkọ tí a fún un ná! Ká gbé èéfín àti ariwo sí abẹ́ fèrèsé ẹlòmíràn, ká tún wí fún un pé a sàn jù ú lọ.) Bó bá sì jẹ́ òpin ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ń ṣe òkú, kánópì á dí òpópónà, orin á di ọjọ́ kejì.

Gbogbo èyí mo fara dà. Yàrá tó kángun sí tèmi ni apá mi ò ká. Ọmọkùnrin Ẹ̀dó kan tó fi ọdún díẹ̀ jù mí lọ ló ń gbé ibẹ̀, ó sì ní sípíkà ńlá kan. Ní aago kan òru, ògiri àárín wa á máa gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe, ìdánwò sì wà nílẹ̀. Mi ò kan ilẹ̀kùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Mo ń sọ fún ara mi pé sùúrù ni, pé ọmọ Yorùbá ni mí ní ìlú onílùú. Ísáákì pàápàá, nígbà tó ṣe àlejò ní Gérárì tí wọ́n ń bá a jà nítorí kànga, ńṣe ló fi í sílẹ̀ fún wọn, ó lọ gbẹ́ òmíràn. Ọ̀rọ̀ Ísáákì rọ̀ mí lọ́rùn láti dì mú. Ṣùgbọ́n mi ò kà á níbì kankan pé Ísáákì gbàdúrà kí kànga tó fi sílẹ̀ gbẹ.

Èmi gbà á. Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ni àkókò àdúrà mi, gbogbo ohùn ni mo sì fi ń gbà á. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi dárúkọ sípíkà yẹn níwájú Ọlọ́run pé kó jóná. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, iná dé pẹ̀lú agbára tó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, gílóòbù bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́, òórùn wáyà jíjóná gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, sípíkà ti kú. Ìyẹn ni mo jẹ́ ẹ̀rí rẹ̀.

Ohun tí mo yọ kúrò níbẹ̀ ni fìríìsà ìyá tó ń gbé yàrá iwájú. Iná kan náà ló jó o. Ẹja tútù ló ń tà, owó àjọ ló fi rà á. Àwa ayálégbé ra díẹ̀ nínú rẹ̀ ní ìdajì owó, ìyókù bàjẹ́. Bí mo bá ní Ọlọ́run ló rán iná yẹn sí sípíkà, ta ló rán an sí fìríìsà? Mo mọ ìbéèrè yìí kí n tó dìde jẹ́ ẹ̀rí. Mo kàn fò ó ni.

Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ọmọkùnrin yẹn kan ilẹ̀kùn mi. Pijin ló fi bá mi sọ̀rọ̀. "Pastor," ó ní (bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ilé ń pè mí), "Ọlọ́run ti gbọ́ tìẹ o." Mo bi í pé kí ló gbọ́. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní ògiri tó ń gbé orin òun wá bá mi náà ló ń gbé àdúrà mi wá bá òun. Ojoojúmọ́ lòun ń jí gbọ́ bí mo ṣe ń ṣépè fún ohun tí òun fi ń jẹun. Àwọn olókùú ló ń háyà sípíkà náà lọ́wọ́ rẹ̀. Orin òru yẹn, nígbà mìíràn, ńṣe ló ń dán an wò kó tó gbé e lọ sóde. "Kí ló dé tí o ò kàn kan ilẹ̀kùn?" Mi ò rí èsì fún un.

Jésù kọ́ wa pé ká ti ilẹ̀kùn bí a bá fẹ́ gbàdúrà. Nínú ilé kọjúsími, ilẹ̀kùn nìkan kò tó. Òun kan náà ló kọ́ wa pé kí ẹni tí arákùnrin rẹ̀ bá ṣẹ̀ tọ̀ ọ́ lọ ní ìkọ̀kọ̀. Àwọn kan á ní arákùnrin ló wí, kò wí aládùúgbò. Mo gbé àwíjàre yẹn yẹ̀ wò, mo sì rí i pé amòfin tó bi Jésù léèrè ẹni tí í ṣe ọmọnìkejì òun ti lò ó ṣáájú mi.

Òfin ìlú pàápàá kò gbè mí. Ìlànà ìjọba àpapọ̀ lórí ariwo, ti ọdún 2009, fi dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 50 sí ilé gbígbé lọ́sàn-án, 35 lóru. Òru náà sì bẹ̀rẹ̀ láti aago mẹ́wàá alẹ́ di mẹ́fà òwúrọ̀. Ẹ bá mi wo ibi tí aago mẹ́rin ààbọ̀ bọ́ sí. Ní 2016, nígbà tí LASEPA ti ṣọ́ọ̀ṣì 70 àti mọ́ṣáláṣí 20 pa ní Èkó nítorí ariwo, inúnibíni ni mo pè é. Mi ò ronú kan ẹni tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ wọn, bóyá ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni, bóyá iṣẹ́ òru ló ti dé.

Mi ò sọ pé ọmọkùnrin yẹn jàre. Orin aago kan òru burú, ẹ̀ṣẹ̀ tèmi kò sì sọ ọ́ di rere. Ohun tó ń dùn mí ni pé ohun tí mo pè ní sùúrù, ẹ̀rù ni, ìfojú-tẹ́ni-ḿbẹ́lú sì wà nínú rẹ̀. Mo ti pinnu lọ́kàn mi pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í gbọ́ ọ̀rọ̀. Nínú oṣù méje, mi ò bá a sọ ju "kóyo" lọ.

Àdéhùn tí a ṣe kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Orin á dákẹ́ ní aago mẹ́wàá, àfi alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀. Èmi á máa gbàdúrà jẹ́jẹ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ó yẹ àdéhùn lẹ́ẹ̀mejì. Èmi yẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, lọ́jọ́ tí èsì ìdánwò jáde. Ilé dá owó fún fìríìsà ìyá náà, mi ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni ìdí tí tèmi fi pọ̀ ju ti àwọn yòókù lọ.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó pàtẹ́wọ́ fún mi lọ́jọ́ Àìkú yẹn ló ń ka ìwé yìí. Mi ò padà wá sọ apá kejì fún yín kí n tó gba ìwé ẹ̀rí jáde. Òun nìyí.