Ojú Ewé Ẹ̀yìn Nínú Ìwé Ìwọ̀n Mi

Ẹ̀yin ará, ẹ fún mi láyè díẹ̀, nítorí ẹ̀rí tèmi kò rí bí èyí tí a sábà máa ń gbọ́ níbí. Àwọn kan ní kí n sọ pé mo ti rí ìwòsàn pátápátá. N ò ní purọ́ níwájú pẹpẹ. Àìsàn náà ṣì wà lára mi. Kí n tó jáde nílé láàárọ̀ yìí, mo lo oògùn rẹ̀. Síbẹ̀, mo kó ẹbí mi wá dúpẹ́.

Ẹ mọ̀ mí sí ìyá aránṣọ. Lọ́dún 2017 ni ọwọ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ iṣẹ́. Bí mo bá jí, ìka mi á le gbagidi, n ò ní lè ki òwú bọ abẹ́rẹ́, sísọ́ọ̀sì á máa bọ́ lọ́wọ́ mi. Tó bá fi máa di ọ̀sán, á ti dẹ̀. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi rò pé ọ̀lẹ ló wọ̀ mí lára. Lẹ́yìn náà ni ibà dé, tó ń lọ tó ń bọ̀, irun mi sì ń jábọ́ sínú ìyarun. Oníkẹ́mísítì ní ibà lásán ni, mo gba abẹ́rẹ́. Wọ́n tún ní táífọ́ọ̀dù ni, wọ́n fa omi sí mi lára. Màámi ní làkúrègbé ni, wọ́n se àgbo. Ẹnì kan ní ọwọ́ ayé ni, kí n lọ ro oníbàárà tí mo ba aṣọ rẹ̀ jẹ́. Mo ro ó títí. Aránṣọ wo ni kò ba aṣọ jẹ́ rí?

Ojú mi náà wá dúdú. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan, ó gba orí imú bọ́ sí èkejì, bí labalábá tó na ìyẹ́. Wọ́n ní mo ń bóra. Nínú àwòrán ìwé àwọn dókítà, pupa ni labalábá yìí sábà máa ń jẹ́, torí ara òyìnbó ni wọ́n yà. Lára èèyàn dúdú, ó lè dà bí àwọ̀ àlùkò, tàbí kó kàn dúdú ju ara yòókù lọ, ẹni tí kò mọ̀ á ní oòrùn ló pa á. Oòrùn náà sì lọ́wọ́ nínú rẹ̀ lóòótọ́: bí mo bá lọ ra aṣọ ní Gbági tí oòrùn pa mí, ọjọ́ mẹ́ta ni màá fi dùbúlẹ̀.

Lọ́dún 2019 ni mo dé ọ̀dọ̀ dókítà oríkèé kan n'Ìbàdàn. Ọmọdébìnrin ni, ó kéré sí àbúrò mi. Mo ní ó ń rẹ̀ mí, gbogbo ara ló ń dùn mí. Ó ní, "Mà, tí oníbàárà bá ní kí ẹ rán aṣọ fún òun, ṣé 'gbogbo ara' lẹ máa kọ sínú ìwé?" Ó wá ń bi mí: tí ẹ bá jí, ó tó ìṣẹ́jú mélòó kí ìka tó dẹ̀? Ṣé egbò ń yọ lẹ́nu yín? Ṣé ìtọ̀ yín ń hó? Àyà mi já. Ó ti ń hó bí omi ọṣẹ láti bí oṣù mélòó kan, ṣùgbọ́n kò dùn mí, n ò bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́.

Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, èyí tí wọ́n ń pè ní ANA sì jáde. Ó ní ìyẹn nìkan kò tó, ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá náà lè ní in. Ohun tí ara ń sọ àti ohun tí ẹ̀jẹ̀ ń sọ la máa pa pọ̀. Lupus ni. Ìkookò ni orúkọ yẹn túmọ̀ sí lédè Látìn. Àwọn ọmọ ogun tí Ọlọ́run fi ṣọ́ ara ló kọjú ìjà sí onílé. Kì í ràn. Bí èèyàn mẹ́wàá bá ní in, bíi mẹ́sàn-án á jẹ́ obìnrin.

Ó fi ìwé kan hàn mí, SLEDAI, tí wọ́n fi ń wọn bí àìsàn yìí ṣe ń jà tó. Ohun 24 ló wà níbẹ̀, kálukú pẹ̀lú máàkì tirẹ̀: ibà 1, irun jíjá 2, oríkèé wíwú 4, purotéènì nínú ìtọ̀ 4, gìrì 8. Mo wá rírẹ̀ níbẹ̀ títí, n ò rí i. Rírẹ̀ tó ń dá mi dùbúlẹ̀, òdo! Inú bí mi, ẹ dárí jì mí. Dókítà ní ibi tí iná ti ń jó ni ìwé yẹn ń wá, kì í wọn ẹkún onílé. "Ẹ máa kọ tiyín, mà. Èyí tó dùn yín, àti èyí tí kò dùn yín."

Bí mo ṣe ṣí ìwé ìwọ̀n àwọn oníbàárà mi láti ẹ̀yìn nìyẹn, tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ara mi sí i. Ìṣẹ́jú tí ìka fi le. Bó ṣe rẹ̀ mí tó, láti òdo dé 10. Ìtọ̀. Ní gbogbo Sátidé, mo ń fi téèpù wọn ọrùn ẹsẹ̀ mi: ínǹṣì 9.

Nígbà tí mo gbọ́ orúkọ oògùn mi, hydroxychloroquine, mo ní mo gbé! Ẹni tó bá lo chloroquine ní kékeré tó fi ìgbálẹ̀ họ ẹ̀yìn á mọ̀dí. Dókítà ní ìbátan ni wọ́n, wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ó yún mi díẹ̀, ó sì tán. Prednisolone ló wú ojú mi, tí ẹ̀yin kan níbí ń kí mi kú ara líle.

Lọ́dún 2020, tí wọ́n ní oògùn mi yìí ló ń wo Kòrónà, àwọn èèyàn rà á tán nílé oògùn. Bàbá àwọn ọmọ mi rìn títí kó tó rí páálí kan. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ní Sátidé kan, téèpù mi ka ínǹṣì 10 àti ààbọ̀. Kò dùn mí rárá. Aṣọ ẹbí ìgbéyàwó wà nílẹ̀ tí n ò tíì rán, ọkàn mi ní kí n gbàgbé ẹ̀. Mo wo ojú ewé yẹn, mo rí i pé láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ìtọ̀ ti ń hó. Ní Mọ́ńdè, mo gbé ìwé náà lọ. Dókítà kà á lórí ìdúró. Kíndìnrín ni. Wọ́n gé bíńtín nínú rẹ̀ yẹ̀ wò, wọ́n sì fún mi lóògùn tó lágbára sí i. Ká ní mo dúró de ìrora ni, bóyá ẹ̀rọ ni ì bá máa fọ ẹ̀jẹ̀ mi lónìí.

Ìtọ̀ mi ti mọ́, ẹ̀yin ará. Ọrùn ẹsẹ̀ mi ti padà sí 9. Aṣọ tó wà lọ́rùn mi yìí, ọwọ́ mi ló rán an. Apá rẹ̀ gùn dé ọrùn ọwọ́, torí oòrùn tó wà níta yẹn.