Ayédèrú Owó Kò Gbọ́dọ̀ Ti Ọwọ́ Wa Jáde

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́ ayé, Aṣàkẹ́ ọ̀run. Kí ìkẹ́ àti ọlà máa bá Ànábì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàhábà rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ìyá wa lọ́kùnrin àti lóbìnrin, àwọn kan nínú yín ń ṣa owó àtijọ́ jọ, wọ́n sì ń tà á. Àwọn mìíràn kò mọ̀ ju náírà tí wọ́n ń ná ní ọjà Bódìjà lọ. Ọ̀rọ̀ yìí kan gbogbo wa.

Imam Ghazali, tí ó kú ní ọdún 505 Hijra (1111), sọ̀rọ̀ lórí ayédèrú dírámù nínú ìwé rẹ̀, Ihya Ulumid-Din. Ó ní dandan ni kí oníṣòwò kọ́ bí a ti ń dá owó mọ̀. Kì í ṣe nítorí kí wọ́n má baà rẹ́ ẹ jẹ nìkan, bí kò ṣe kí òun náà má baà gbé ayédèrú fún Mùsùlùmí mìíràn láìmọ̀. Ẹni tí ó kọ̀ tí kò kọ́ ọ, ó ti dẹ́ṣẹ̀.

Báwo ni a ti ń dá a mọ̀? Ẹ jẹ́ kí a mú sílè fàdákà ti 1913, tí a ná ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láyé òyìnbó. Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 5.65. Ẹ gbé e sórí òṣùwọ̀n alágbẹ̀dẹ wúrà. Lílò lè mú kí ó fúyẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n bí ìyàtọ̀ bá pọ̀, ẹ fura. Ẹ fi òòfà kàn án: fàdákà kì í lẹ̀ mọ́ òòfà. Ṣùgbọ́n àìlẹ̀ nìkan kò tó ẹ̀rí, nítorí òjé àti idẹ náà kì í lẹ̀. Ẹ wo etí rẹ̀: ìlà wẹ́wẹ́ ti ojúlówó ṣe déédé yíká. Èyí tí wọ́n yọ́ dà sábà máa ń ní ojú àpá létí, ihò wẹ́wẹ́ lára, lẹ́tà rẹ̀ kì í sì í hàn ketekete. Ẹ fi í wé èyí tí ó dá yín lójú.

Láàárín 1930 sí 1940, ayédèrú owó pọ̀ nílẹ̀ wa, títí tí àwọn kan fi ń pè é ní owó Ìjẹ̀bú. Ẹ ò rí i pé ìwà àwọn díẹ̀ ba orúkọ odindi ìlú jẹ́!

Ẹlòmíràn á ní, “Wọ́n fún mi ni, èmi náà á fún ẹlòmíràn.” Ìyá aláta tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa nírọ̀lẹ́ ni yóò kó o fún. Ànábì wa ti ọwọ́ bọ òkìtì oúnjẹ kan lọ́jà, ó rí i pé ìsàlẹ̀ rẹ̀ tutù, ó sì yọ ẹni tí ń tan ènìyàn jẹ kúrò lára àwọn tirẹ̀. Ghazali mú ọ̀rọ̀ àwọn àgbà wá pé níná dírámù ayédèrú kan burú ju jíjí ọgọ́rùn-ún lọ. Olè jíjà parí lọ́jọ́ tí a jà á. Ayédèrú ń ti ọwọ́ dé ọwọ́ lẹ́yìn ikú ẹni tí ó ná an, ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ sì ń tẹ̀ lé onítọ̀hún dé sàréè.

Kí ni kí a wá ṣe? Ghazali ní kí a sọ ọ́ sínú kànga. Lóde òní, ẹ mú náírà ayédèrú lọ sí bánkì, ẹ gbà pé ẹ pàdánù. Ẹni tí ó bá rí owó àtijọ́ ayédèrú, kí ó má tà á ní ojúlówó. Àdánù ayé kò tó ti ọ̀run.

Kí Ọlọ́hun fi hàlálì tó wa, kí Ó má jẹ̀ẹ́ kí haràámù ti ọwọ́ wa dé ọwọ́ ẹlòmíràn. Àmín.