Ṣílè Mẹ́wàá Péré

Bí o bá dúró ní Dùgbẹ̀, tí o gbójú sókè wo Ilé Kòkó, rántí pé òógùn àgbẹ̀ ni wọ́n fi kọ́ ọ. Ọdún 1965 ni wọ́n parí ilé alájà 26 náà. Àwọn tó ń ro oko kòkó ní abúlé Àkànrán kò ní yàrá kan níbẹ̀. Ọdún mẹ́ta péré lẹ́yìn ìgbà yẹn, àwọn àgbẹ̀ yìí kan náà wọ ìgboro Ìbàdàn, wọ́n wá sọ pé ìyà ń jẹ àwọn. Ohun tó tẹ̀lé e ni mo fẹ́ sọ fún ọ.

Ọdún 1968 le fún ará oko. Ogun abẹ́lé ń lọ lọ́wọ́, ìjọba sì ń wá owó kiri. Ìjọba ló ń dá iye lé kòkó, kì í ṣe ẹni tó gbìn ín. Owó orí kì í wo bí oko ṣe rí: bí kòkó so, bí kò so, iye tí wọ́n bù fún ọ ni wàá san, owó mìíràn sì tún ń gun orí rẹ̀. Ọ̀nà oko bàjẹ́, ọkọ̀ kò lè wọlé kó ẹrù. Wọlé-wọlé ń dá owó ìtanràn lé àgbẹ̀ lórí. Bí agbowó-orí àti ọlọ́pàá bá yọ lójijì, bàbá ọlọ́mọ á fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ wọ igbó, nítorí ẹni tí kò bá rí ìwé owó orí fi hàn, mímú ni wọn yóò mú un. Àwọn kánsẹ́lọ̀ tí wọ́n dìbò yàn, tó yẹ kó gbé ẹjọ́ wọn lọ sókè, kò sí mọ́ látìgbà tí ológun ti gbàjọba ní 1966.

Àwọn àgbẹ̀ kò sọ pé àwọn kò ní san owó orí. Gbọ́ èyí dáadáa. Ọgbọ̀n ṣílè ni wọ́n ní agbára àwọn ká.

Nínú oṣù kọkànlá ọdún 1968, wọ́n kó ara wọn jọ, wọ́n gun òkè Mápó ní Ìbàdàn lọ. Wàhálà bẹ́ sílẹ̀, ìbọn dún, ẹ̀mí sì ṣòfò. Láti ibẹ̀ ló ti ràn dé àwọn abúlé. Àgbẹ̀kọ̀yà ni wọ́n ń pe ara wọn, orúkọ náà sì ti sọ gbogbo ohun tó wà lọ́kàn wọn.

Gómìnà ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn nígbà náà, Adéyínká Adébáyọ̀, ṣe ohun kan tó dára. Ó gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀, Adájọ́ Ayọ̀ọlá ló ṣe olórí rẹ̀. Àwọn èèyàn jáde wá rojọ́. Wọ́n sọ bí wọ́n ṣe ń gba owó lọ́wọ́ wọn àti bí wọ́n ṣe ń fi ìyà jẹ wọ́n. Ìgbìmọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n gbé e fún ìjọba ní 1969. Ẹkún ará oko ti di ìwé tí ẹnikẹ́ni lè kà.

Jọ̀wọ́, dúró díẹ̀ pẹ̀lú mi níbí yìí, nítorí ibí ni ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Ìwé wà lórí tábìlì. Òkú Mápó ti wà nínú ilẹ̀. Kò sí ẹni tó lè sọ pé òun kò mọ̀. Ìjọba gba díẹ̀ nínú àbá náà, ṣùgbọ́n owó orí kò sọ̀kalẹ̀ dé ibi tí àgbẹ̀ ń bẹ̀bẹ̀ fún. Lẹ́yìn náà, wọ́n tún rán agbowó-orí àti ọlọ́pàá padà sí oko.

Kí ló fà á? Lójú tèmi, ìtìjú ni. Aláṣẹ rò pé bí òun bá gbọ́ràn sí ẹni tó wọ aṣọ oko lẹ́nu, òun ti kéré nìyẹn. Ìwọ náà mọ irú ọkàn bẹ́ẹ̀. Ó wà nínú bàbá tó mọ̀ pé òun ṣi ọmọ nà, tí kò sì lè ní, "Ọmọ mi, má bínú." Nínú ilé, omijé ọmọ ló máa ń dá sílẹ̀. Ní odindi ìpínlẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ni.

Ní oṣù keje ọdún 1969, ó gbiná. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n pa Ṣọ̀ún, Ọba Ọlájídé Ọláyọdé. N kò ní bá ọ sọ pé ìyà tó jẹ àgbẹ̀ sọ ìyẹn di ẹ̀tọ́. Èèwọ̀ ni, ẹ̀ṣẹ̀ sì ni, ẹni tó ṣe é jẹ̀bi. Ní oṣù kẹsàn-án, àwọn jagunjagun àgbẹ̀ ya wọ ọgbà ẹ̀wọ̀n Àgodi, wọ́n tú àwọn ẹlẹ́wọ̀n sílẹ̀. Ìpínlẹ̀ tó ń fi ọmọ rẹ̀ ránṣẹ́ sójú ogun tún wá ń bá àgbẹ̀ ara rẹ̀ jà nílé.

Ní oṣù kẹwàá, Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tó jẹ́ kọmíṣọ́nnà ètò ìnáwó ìjọba àpapọ̀, dìde lọ bá Táfà Adéoyè, aṣáájú wọn, ní agbègbè Àkànrán. Ó lọ bá wọn ní oko wọn, wọ́n sọ̀rọ̀. Kò pẹ́ tí owó orí fi di pọ́n-ùn méjì, tí wọ́n sì dáwọ́ mímú èèyàn kiri nítorí owó orí dúró.

Bá mi ṣírò rẹ̀. Pọ́n-ùn méjì, ogójì ṣílè ni. Ọgbọ̀n ni àgbẹ̀ bẹ̀bẹ̀ fún. Ṣílè mẹ́wàá péré ló wà láàárín ohun tí wọ́n béèrè àti ohun tí wọ́n padà gbà, àwọn àgbẹ̀ ló sì fi mẹ́wàá yẹn kún tiwọn. Ohun tí ìjọba yọ̀ǹda ní oṣù kẹwàá ọdún 1969, ó lè yọ̀ǹda rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gun òkè Mápó. Owó náà ì bá má yàtọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọkùnrin ì bá padà sílé lọ jẹun alẹ́ lọ́dọ̀ ìyàwó wọn.

Lónìí, Àkànrán ni olú ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀nà-Àrà. Owó orí kọ́ ló ń pa àgbẹ̀ lẹ́kún níbẹ̀ mọ́, ilẹ̀ ni. Òfin ilẹ̀ ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sábẹ́ àṣẹ gómìnà, ó sì fi ti ìgbèríko sí ìkáwọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ìbàdàn ti kúrò ní Bódìjà àti Ring Road tí a mọ̀, ilé ti ń jẹ oko lọ ní Akínyẹlé, ní Olúyọ̀lé, ní Ẹgbẹ́dá. Ìyá arúgbó á jí lọ sí oko ẹ̀gẹ́ rẹ̀, á bá òpó sìmẹ́ńtì àwọn awọnlẹ̀ láàárín ebè. Kò mọ ẹni tó rì í mọ́lẹ̀. Ó lọ sí káńsù, wọ́n ní kó lọ, kó padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ìwọ tí o jókòó ní káńsù yẹn, ìwọ mọ́gàjí tí òǹtẹ̀ ẹbí wà lọ́wọ́ rẹ, ìwọ tí o fẹ́ ra ilẹ̀ tí ẹ̀gẹ́ ṣì wà lórí rẹ̀: o mọ oko tí wọ́n ti ń kígbe sí ọ. Má rán ọlọ́pàá síbẹ̀. Fẹsẹ̀ ara rẹ lọ lọ́sẹ̀ yìí, jókòó tì wọ́n, kí o sì gbọ́ wọn tán.