Ìsanra Àsanjù: Ẹ̀bi Ọ̀kánjúwà Ni Bí?

Láàárín àwọn Yorùbá, ojú kan ṣoṣo kọ́ ni a fi ń wo ìsanra. Bí ènìyàn bá ti ìrìn àjò dé tí ara rẹ̀ kún, àwọn ojúlùmọ̀ a ní ayé yẹ ẹ́. Bí ó bá rù, wọn a béèrè bóyá àìsàn ṣe é. Ṣùgbọ́n bí ìsanra bá kọjá ààlà, tí onítọ̀hún kò lè gun àtẹ̀gùn láìsinmi, tí àga kò gbà á mọ́, ohùn a yí padà. Ọlọ́lá àná a di alájẹkì òní. Ìbéèrè tí ó dìde ni èyí: ǹjẹ́ ó tọ́ kí a ka títóbi ara sí ẹ̀rí ìwà burúkú?

Ọ̀ràn náà kì í ṣe kékeré. Ẹni tí ó ga ní mítà 1.70, tí ó sì wọn kìlógíráàmù 116, ti wọ ìpele tí àwọn oníṣègùn kà sí ìsanra tí ó le jù lọ. Orúnkún a máa ro irú ẹni bẹ́ẹ̀; ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ a sì máa dọdẹ rẹ̀. Àwọn tí ń dá a lẹ́bi ní ẹnu ni oúnjẹ ń gbà wọlé, ọwọ́ ẹni ni ó sì ń gbé e sẹ́nu. Wọ́n lè tọ́ka sí Angus Barbieri, ará Scotland, tí ó gbààwẹ̀ fún ọjọ́ 382 láàárín 1965 sí 1966 lábẹ́ àbójútó dókítà, tí ó sì fọn láti nǹkan bí kìlógíráàmù 207 sí 82. Bí ẹnìkan bá lè ṣe é, kí ni ó ń dá àwọn yòókù dúró?

Èsì rẹ̀ ni pé a kì í fi ti ẹnìkan ṣòfin fún igba ènìyàn. Irú ààwẹ̀ bẹ́ẹ̀ ti pa àwọn mìíràn. Yàtọ̀ sí èyí, ara kì í dákẹ́ bí a bá ń dín in kù. Ní 1994, Jeffrey Friedman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní New York tú àṣírí èròjà tí a wá ń pè ní leptin, èyí tí ọ̀rá ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ láti sọ fún ọpọlọ pé oúnjẹ ṣì wà nípamọ́. Bí ọ̀rá bá dín, leptin a dín. Ọpọlọ a ṣe bí ẹni pé ìyàn mú, ebi a sì le sí i. Àwọn àgbà kúkú ti sọ pé ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ní 2016, àwọn olùwádìí ní Amẹ́ríkà kéde ohun tí wọ́n rí lára ènìyàn 14 tí ó ti kópa nínú The Biggest Loser, ìdíje ìdínsanra orí tẹlifíṣàn. Lẹ́yìn ọdún 6, púpọ̀ jù lọ nínú wọn ti tún sanra padà, bẹ́ẹ̀ ni oúnjẹ tí ara wọn ń lò lóòjọ́ fi nǹkan bí kálórì 500 dín sí iye tí ó yẹ irú ara bẹ́ẹ̀.

Ìmọ̀ Yorùbá nípa orí àti ẹsẹ̀ lè là wá lọ́yẹ̀ níhìn-ín. Ènìyàn ni ó yan orí nílé Àjàlà, ṣùgbọ́n kò mọ èyí tí ó sunwọ̀n yàtọ̀ sí èyí tí kò sunwọ̀n. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ara àjogúnbá rí. Èyí kò wí pé kí ẹsẹ̀ jókòó: ìwọ̀ntúnwọ̀nsì, ìrìn, oògùn àti iṣẹ́ abẹ ní àyè tiwọn. Ṣùgbọ́n ojúṣe yàtọ̀ sí ẹ̀bi. Ẹni tí ìjì ṣí òrùlé rẹ̀ ni yóò tún un kàn; ìyẹn kò sọ pé òun ni ó pe ìjì.

Ẹ̀gàn kì í ṣe oògùn. Ẹni tí a ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ lójú pópó kò ní fẹ́ jáde rìn. Ẹni tí a kẹ́gàn nílé ìwòsàn kò ní fẹ́ padà síbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ òótọ́ ni pé ìwà lẹwà, a kò lè fi ìbàdí wọn ìwà. Ẹni tí ń bá ebi jà láràárọ̀, tí ó ṣubú, tí ó tún dìde, lè ní sùúrù ju ẹni tí ara rẹ̀ kò dán wò rí. Nínú ẹjọ́ yìí, ìwà ẹni tí ń wòran náà wà lórí ìwọ̀n.