Iṣẹ́ Tí A Kò Ní Jẹ Èrè Rẹ̀

  Àṣàrò tòní máa gbé wa jìnnà díẹ̀, ẹ fara balẹ̀ bá mi lọ.

Àpáta ńlá kan ń yí oòrùn po bí ayé wa náà ṣe ń yí i po. Bennu lorúkọ rẹ̀, ìbú rẹ̀ tó nǹkan bí 490 mítà. Ọ̀nà rẹ̀ máa ń sún mọ́ ọ̀nà ayé. Àwọn onímọ̀ ṣírò rẹ̀ pé ó ṣeé ṣe kó kọlu ayé ní ọjọ́ 24, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2182. Ẹ má tíì sá o! Ẹ da ẹyọ ẹ̀wà 2,700 sínú garawa, ẹ kun ẹyọ kan lọ́dà, ẹ dijú, kí ẹ wá mú ẹyọ kan. Bó ṣe ṣòro tó láti mú èyí tí ẹ kùn yẹn, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣòro tó kí Bennu kọlù wá lọ́jọ́ náà.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Michael Drake ti Yunifásítì Arizona, l'Amẹ́ríkà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fẹ́ rán ọkọ̀ kan lọ síbẹ̀, kó bu erùpẹ̀ àpáta náà wá, kó sì wo bó ṣe ń rìn. Wọ́n gbé àbá náà fún NASA, wọ́n dá a padà. Wọ́n tún un ṣe, wọ́n tún dá a padà. Oṣù karùn-ún ọdún 2011 ni wọ́n tó gbà á. Oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn kan náà, Drake kú. Dante Lauretta ló gba iṣẹ́ náà ṣe, ọkọ̀ ò sì gbéra títí di 2016.

Nígbà tí ọkọ̀ débẹ̀, ibi tí wọ́n rò pé ó máa tẹ́jú bí etí òkun, òkúta ló kún bẹ́ẹ̀rẹ́bẹ́. Ibi tó fẹ̀ tó 50 mítà ni wọ́n ṣe ọkọ̀ náà fún, 16 mítà péré ni wọ́n rí. Iṣẹ́ tí a bá sì rán sí i máa lò ju ìṣẹ́jú 18 lọ lójú ọ̀nà, kò sẹ́ni tó lè dúró sílé kó máa tu ọkọ̀. Wọ́n ní láti kọ́ ọ bó ṣe máa wo ilẹ̀ fúnra rẹ̀, kó sá padà tó bá rí ewu. Lóṣù kẹwàá 2020, ó na apá kan, ó fẹ́ afẹ́fẹ́ sílẹ̀, apá náà sì rì wọlé bí ẹni ki ọwọ́ bọ òkìtì gírànáìtì. Àṣé àpáta yẹn ò le tó bí a ṣe rò! Ẹni tó bá máa tì í kúrò lọ́nà lọ́jọ́ kan gbọ́dọ̀ mọ ìyẹn. Gíráàmù 121.6 ló gbé délé lọ́dún 2023. Kò tó agolo mílíìkì kan.

Mo sọ èyí lẹ́yìn ìsọ́ òru kan. Màmá kan ní, "Ajíhìnrere, owó yẹn lé ní bílíọ̀nù kan dọ́là. Ebi ń pa èèyàn lónìí, ẹ̀ ń sọ ti 2182!"

Kí n má parọ́, mi ò rí èsì fún wọn lójú ẹsẹ̀. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n mo ti rò ó látìgbà náà: ẹni tí ebi ń pa lónìí lè ké, a sì gbọ́dọ̀ dá a lóhùn. Ọmọ tí a ò tíì bí, báwo ló ṣe máa ké? Àgbẹ̀ tí ebi ń pa náà kì í se gbogbo èbù iṣu rẹ̀ jẹ, bí àwọn ọmọ tiẹ̀ ń sunkún. Dáfídì náà, wọ́n sọ fún un pé òun kọ́ ni yóò kọ́ tẹ́ńpìlì, síbẹ̀ ó ń kó wúrà àti igi kédárì jọ. (Àwa ńkọ́? Tí wọn ò bá ní kọ orúkọ wa sára àga, a kì í fẹ́ dá owó bulọ́ọ̀kù.)

Ibi tó wọ̀ mí lára jù rèé. Nínú erùpẹ̀ tí wọ́n fi ọdún méje wá yẹn, NASA ní ó kéré tán ìdá 70 nínú 100 ni àwọn máa tọ́jú pa mọ́, fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn, tí wọ́n máa ní irinṣẹ́ tí a ò tíì ní. Ó wà ní Houston báyìí, wọ́n dé e pa. Òmíràn nínú àwọn tó máa ṣí i, wọn ò tíì bí i.