ÀṢÀRÒ ÒWÚRỌ̀: AṢỌ ÌBORA TÍ KÒ PARÍ

🌅 A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ bá wa ní Ẹ̀rìn-Ilé níbí, ní Ọ̀fà, àti níbi gbogbo tí ọ̀rọ̀ yìí bá ti bá yín.

*Ibi kíkà:* Ẹ́kísódù 36:8-18

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ara mi lónìí.

Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ọmọ mi kan fi àwòrán aṣọ ìbora kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, irú èyí tí wọ́n máa ń gé aṣọ wẹ́wẹ́ rán pọ̀, tí àwọn Òyìnbó ń pè ní quilt. Ìràwọ̀ ńlá kan ló wà láàárín rẹ̀, ó ní ẹnu mẹ́jọ. Mo ní, "Èyí ni n ó rán fún Màmá mi." Màmá ti lé ní ẹni ọdún 80, ọyẹ́ kì í sì í ṣojú rere sí wọn. Mo lọ bá àwọn télọ̀, mo ṣa àjákù ankara jọ sínú àpò ìrẹsì. Mo gé e, mo kà á: ẹyọ 9 fún ẹnu ìràwọ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹyọ 72 lápapọ̀.

Ẹ̀yin télọ̀ tó wà láàárín wa mọ̀ pé aṣọ tí a bá gé ní ìdábùú máa ń fà. Tó bá fà díẹ̀ lábẹ́ maṣíìnì, kì í hàn lójú ẹsẹ̀. Èmi ò mọ̀. Mo ń rán an lọ ní tèmi. Ẹnu kìíní dára, ìkejì dára, títí dé ìkeje. Ìgbà tí mo mú ìkẹjọ débẹ̀, kò wọlé. Mo fi tipátipá rán an mọ́ ọn, ni àárín aṣọ bá wú sókè bí àkàrà inú epo. Mo fi áyọ́ọ̀nù tẹ̀ ẹ́, ó tún wú. Mo gé ẹnu kẹjọ mìíràn, kò ṣe. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo gé e! Ẹ̀gbẹ́ Ọ̀fà tí wọ́n fi ìjàkadì mọ̀ la kúkú ń gbé, ṣùgbọ́n aṣọ yìí dá mi mọ́lẹ̀ gbalaja. Lọ́jọ́ kan inú bí mi, mo ká gbogbo rẹ̀ sínú àpò ìrẹsì, mo tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ọyẹ́ kan kọjá. Ọyẹ́ kejì kọjá.

Ní Oṣù Kejìlá tó kọjá yìí, Màmá wò mí, wọ́n ní: "Ìwọ ọmọ yìí, aṣọ tó o ní ò ń rán fún mi dà? Àbí ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ sin mí lo máa tó dà á bò mí?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Ìró méjì tó ti gbó ni wọ́n fi bora.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo fa àpò náà jáde. Mo mú bíléèdì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú u. Ẹ gbọ́ o: kì í ṣe ẹnu kẹjọ ló níṣòro. Ẹnu kejì ni. Ibẹ̀ ni aṣọ ti fà mọ́ mi lọ́wọ́, ó fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ó sì ti gba ààyè lọ́wọ́ èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ẹnu kẹjọ tí mo ti ń bá jà láti ọjọ́ yìí, kò ṣẹ̀ mí rárá.

Ṣé kì í ṣe bí a ṣe máa ń ṣe nìyẹn? Ẹnì kan rí wa fín níbi iṣẹ́ láàárọ̀, a gbé e mì. Tó bá di alẹ́, ọmọ tó da omi sílẹ̀ ló máa gba ti gbogbo rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ti wà láàárín tọkọtaya láti ọjọ́ pípẹ́, wọn ò yanjú ẹ̀. Lónìí wọ́n ń jà lórí iyọ̀ ọbẹ̀. Ẹni tí à ń pariwo lé lórí, ẹnu kẹjọ ni. Ẹ jẹ́ ká padà lọ wo ẹnu kejì.

Ẹ wá jẹ́ ká wo ibi kíkà wa. Bí ẹ bá ka Ẹ́kísódù orí 26, tí ẹ tún ka orí 36, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ aṣọ àgọ́ tó wà níbẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà. Aṣọ 10, gígùn ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìgbọ̀nwọ́ 28, ìbú rẹ̀ ìgbọ̀nwọ́ 4. Márùn-ún lọ́tọ̀, márùn-ún lọ́tọ̀. Ojóbó 50 létí ìhín, 50 létí ọ̀hún, tí wọ́n kọjú síra wọn gẹ́lẹ́. Ìkọ́ wúrà 50 ló wá so gbogbo rẹ̀ di àgọ́ kan ṣoṣo. Ọ̀pọ̀ wa máa ń fo orí 36. A ó ní, "A ṣáà ti ka èyí tẹ́lẹ̀."

Ṣùgbọ́n kí ló wà láàárín méjèèjì? Orí 32 ni. Níbẹ̀ ni wọ́n ti yá ère ẹgbọrọ màlúù. Níbẹ̀ ni Mósè ti fọ́ wàláà òkúta. Ọlọ́run ti fi bátànì lélẹ̀, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni tó fi abẹ́rẹ́ kan aṣọ àgọ́ yẹn, àwọn èèyàn náà ti bà á jẹ́. Tó bá jẹ́ àwa ni, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni ì bá lọ!

Ọlọ́run kò ṣe bẹ́ẹ̀. Kò fojú fo ẹ̀ṣẹ̀ wọn. Ó bá wọn wí, ó tú ohun tó yẹ kó tú. Lẹ́yìn náà, ó tún pe Bẹ́sálélì àti Òhólíábù sídìí iṣẹ́, bátànì kan náà, kò dín ojóbó kan ṣoṣo kù. Ìdí nìyẹn tí orí 36 fi ṣe iyebíye. Ẹ̀rí ló jẹ́ pé àṣìṣe àwa ọmọ ènìyàn kò mú kí Ọlọ́run jáwọ́ nínú iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ó ku ohun kan tí mo gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́. Kì í ṣe pé iṣẹ́ náà le nìkan ni mo fi pa á tì. Mo fẹ́ kí àwọn èèyàn rí i. Mo ti ń ro bí n ó ṣe gbé e sórí status. Bí kò ti lè rẹwà bíi ti àwòrán, mo rò pé kó kúkú má sí.

Ní ibì kan tí wọ́n ń pè ní Gee's Bend, ní Alabama ní Amẹ́ríkà, àwọn obìnrin adúláwọ̀, àtọmọdọ́mọ àwọn ẹrú, ti ń rán irú aṣọ báyìí láti ìran dé ìran. Aṣọ iṣẹ́ tó ti gbó ni wọ́n ń gé. Ní 2002 wọ́n ṣàfihàn iṣẹ́ wọn ní ilé ọnà ńlá kan ní Houston. Ní 2006 ilé ìfìwéránṣẹ́ Amẹ́ríkà tẹ àwòrán rẹ̀ sórí sítáǹbù. Ṣùgbọ́n òtútù ló kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n rán an. Kí ayé tó rí i, àwọn ọmọ wọn ti sùn lábẹ́ rẹ̀.

Mo parí ti Màmá lọ́sẹ̀ tó kọjá. Búláńkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ kan ni mo fi sí inú rẹ̀. Igun kan ò bára mu dáadáa. Nígbà tí mo dà á bò wọ́n, ẹ̀rù igun yẹn ló ń bà mí. Ṣùgbọ́n ojú Màmá ti ń ṣe bàìbàì, wọn ò tiẹ̀ rí ìràwọ̀ náà. Wọ́n fọwọ́ pa á títí, wọ́n ní, "Ó móoru." Wọ́n sì sùn.

Ẹ̀yin ará mi, kí lẹ tì sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì? Ta ni òtútù ń pa nítorí pé iṣẹ́ ọwọ́ yín kò tíì parí? Ó lè jẹ́ ẹ̀bẹ̀ tó yẹ kẹ́ ẹ bẹ ẹnì kan. Ó lè jẹ́ ilé-ìwé tẹ́ ẹ fi sílẹ̀, tàbí òbí tẹ́ ẹ ti ní ẹ ó lọ wò. Ẹ fà á jáde lónìí. Bó bá gba títú, ẹ tú u. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kó pẹ́ jù o. Ẹni tó ń retí yín ò ní wà níbẹ̀ títí láé.

🙏 *Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà:* Baba, a dúpẹ́ pé o kò pa wá tì. Fi ibi tí àṣìṣe wa ti bẹ̀rẹ̀ hàn wá, kí o sì fún wa ní sùúrù láti tú u. Dárí ji àwa tí a ti bínú sí ẹni tí kò ṣẹ̀ wá. Mú ìgbéraga tí kì í jẹ́ ká parí iṣẹ́ kúrò lọ́kàn wa. Àwọn òbí wa àgbà, má ṣe jẹ́ kí òtútù mú wọn nígbà tí àwa ọmọ wọn wà láyé. Ní orúkọ Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.

Ọjọ́ òní á san wá o. Ẹ bá wa fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn.